Ọ̀já tí Ìyá Mi Rán Mọ́ Aṣọ Ìlúwẹ̀ẹ́ Mi

Èéfín omi ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ní àárọ̀ ọyẹ́, bí a bá ti sọ̀ kalẹ̀ láti ojú títì wọ abẹ́ igi ní Ìkògòsì, a ó máa rí i tí ó ń rú díẹ̀díẹ̀ lójú omi gbígbóná, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìkòkò ọbẹ̀. Ètè wa á ti gbẹ, ẹsẹ̀ wa á ti funfun, etí wa á máa ta wá, àwọn ẹgbẹ́ mi á sì máa ti ara wọn kí wọ́n lè tètè kó sínú adágún. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ pé mo wà nínú ẹgbẹ́ ìlúwẹ̀ẹ́ nígbà èwe mi, ó lè rò pé akíkanjú ọmọ ni mí. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan omi náà, ẹ̀rù ló ń gbé mi lọ, ẹ̀rù ló ń gbé mi bọ̀. Èmi ni mo máa ń kẹ́yìn nínú àwọn tó ń bọ́ aṣọ, èmi ni mo máa ń ṣáájú àwọn tó ń wọ̀ ọ́ padà.

Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó la wà nígbà náà, Àkúrẹ́ sì ni olú ìlú wa. Èrìò ni ilé wa. Bàbá mi jẹ́ tíṣà, ìyá mi ń ránṣọ ní yàrá iwájú ilé, a sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ará orí òkè ni wá, ẹ kúkú mọ Èkìtì. A mọ àpáta gùn, a mọ iṣu gbìn, ṣùgbọ́n omi tó bá ju orúnkún lọ, àjèjì ni sí wa. Nínú gbogbo àdúgbò wa, mi ò mọ àgbàlagbà kan tó lè lúwẹ̀ẹ́ dé òdìkejì odò tó bá kún.

Bí omi ṣe rí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé lọ nìyẹn. Mo ṣì kéré gan-an. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, òun àti àwọn ọmọ mìíràn ń bọ̀ láti oko, igi tí wọ́n fi ṣe afárá lórí odò ọ̀nà oko sì ti ń yọ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé ó di koríko etí odò mú, ó di ewéko mú, ó di igi gbígbẹ mú, gbogbo ohun tó dì mú ló ń já sí i lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí omi ń gbé lọ, kò sí ohun tí kò lè dì mú. Nígbà tí wọ́n rí i nísàlẹ̀ odò, wọ́n tẹ́ ẹ sí etí odò, wọ́n dojú rẹ̀ kọ òkè, ìyá mi sì dé bá a bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba ohun tí mo rántí fúnra mi ni ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn tó pọ̀ nínú àgbàlá wa, àti pé kò sẹ́ni tó fún mi lóúnjẹ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Wọ́n tún máa ń sọ pé omi kò lọ́tàá. Ìyá mi bá a ṣọ̀tá. Kò gba ọ̀nà oko yẹn mọ́ láyé rẹ̀, ọ̀nà tó jìn ju ìlọ́po méjì lọ ló ń gbà. Bí òjò bá ṣú, á jáde sí ẹnu ọ̀nà, á máa pe èmi àti àbúrò mi lórúkọ títí a ó fi dáhùn nínú ilé. Inú ọpọ́n kékeré ló ti ń wẹ̀ wá, kò jẹ́ kí omi inú rẹ̀ dé ìdajì. Èmi náà sì kọ́ ẹ̀rù lára rẹ̀ bí ọmọ ṣe ń kọ́ èdè. Mo gbà pé omi ní ojú, ó mọ ilé wa, ó sì mọ̀ pé a ṣì kù.

Àbúrò mi ọkùnrin nìkan ni ẹ̀rù yìí kò mú. Lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n wa lọ ni wọ́n bí i, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ fún un nípa odò. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé, bí wọ́n bá rán an níṣẹ́, ó máa ń yà sí etí odò ọ̀nà oko yẹn láti wo ẹja. Mo ti rí i níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró lórí igi tó ń yọ̀, ó ń fò sókè-sódò lórí rẹ̀ láti mọ̀ bóyá yóò ṣẹ́. Mo fà á létí délé. Mo bẹ̀ ẹ́, mo halẹ̀ mọ́ ọn, ó búra pé òun kò ní í lọ mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹrẹ̀ tún wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Àsìkò náà ni Ọ̀gá dé. Ọ̀gá jẹ́ ọmọ ìlú wa tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní èbúté l'Ékòó, tí ó fẹ̀yìn tì, tí ó padà wálé. Ara rẹ̀ kò gba ìjókòó. Ó ní Ọlọ́run fi omi gbígbóná jíǹkí wa, wọ́n ti wa adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn àlejò nìkan ló sì ń lò ó, àwọn ọmọ onílùú ń wò ó láti ẹ̀yìn igi. Ó lọ bẹ àwọn tó ń mójú tó ibẹ̀, wọ́n gbà fún un pé kí ó máa kó àwa ọmọ wá ní àárọ̀ Sátidé. Bí ẹgbẹ́ ìlúwẹ̀ẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àwọn ọmọ tíṣà, ọmọ àgbẹ̀, ọmọ kátíkíìsì, láti Èrìò, Ìkògòsì àti Àrámọ̀kọ. Ó fi fèrè kọ́ ọrùn, ó wọ ṣòkòtò péńpé, irun funfun wà láyà rẹ̀, àwọn ìyá wa kì í sì í lè wo ojú rẹ̀ bí wọ́n bá ń kí i.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ pé èmi yóò lọ. Inú yàrá ìránṣọ ni wọ́n ti jọ sọ ọ́, èmi wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Bàbá mi kì í pariwo. Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ẹni tí omi ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ ló yẹ kí ó kọ́ àwọn tó kù ní ìlúwẹ̀ẹ́."

 Ìyá mi ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo rí i láti ihò ìkélé pé kò sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó ní, "Mo ti gbọ́. Kí ó lọ. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú omi yẹn, tàbí tí òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé ẹ̀rù ń ba òun, ó parí nìyẹn. Kò ní í lọ mọ́. Àbúrò rẹ̀ náà kò sì ní í débẹ̀ láyé."

Ẹ wo ibi tí wọ́n fi mí sí. Ọmọ tó ń bẹ̀rù omi jù nílé ni wọ́n ní kò gbọdọ̀ sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Bí mo bá sì sọ ọ́, ẹni tó ń fò lórí igi tó ń yọ̀ yẹn ni kò ní í rí ẹni kọ́ ọ.

Nígbà tí Ọ̀gá ní kí a wá aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, ìyá mi ló rán tèmi. Àgékù aṣọ aláwọ̀ ewé ni, ó rán an bí ẹni rán àpò ìrẹsì, ojú rírán méjì-méjì, òwú líle. Nígbà tó parí, ó mú ọ̀já rẹ̀, èyí tí ó fi pọ̀n gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ẹ̀gbọ́n mi tó lọ, ó gé etí rẹ̀ kan, ó ká a ní ìlọ́po, ó sì rán an mọ́ ẹ̀yìn aṣọ mi láàárín èjìká méjèèjì. Ó yọ síta bí ọwọ́ agbọ̀n. Mo bi í pé kí ni yẹn wà fún. Ó ní, "Kí wọ́n lè rí ibi dì mú láti fi fà ọ́ jáde." Ó fà á wò, ó gbé mi kúrò nílẹ̀ díẹ̀, ó sì ní ó dára.

Ẹ fojú inú wo ohun tí àwọn ẹgbẹ́ mi fi mí ṣe. "Báàgì" ni wọ́n ń pè mí. Ọmọ kátíkíìsì, tí ó yára jù nínú wa, á dì í mú láti ẹ̀yìn, á béèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù pé ta ló ni ẹrù yìí. Mo ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Nínú mi lọ́hùn-ún, inú mi dùn pé ó wà níbẹ̀. Mo máa ń fi ọwọ́ kàn án kí n tó wọnú omi, bí àwọn mìíràn ṣe ń gbàdúrà.

Òfin Ọ̀gá kò pọ̀. Èyí tí a mọ̀ jù ni pé ẹni tó bá pẹ́ dé yóò lọ dúró nínú omi tútù. Gbogbo ẹni tó bá ti dé Ìkògòsì ló mọ̀ pé omi méjì ló pàdé níbẹ̀, ọ̀kan gbóná, ọ̀kan tutù. Inú èyí tó tutù ni a ti ń jìyà. Ẹni tó bá pẹ́ á dúró níbẹ̀, eyín rẹ̀ á máa pa ara wọn, a ó sì máa wò ó láti inú omi gbígbóná tiwa, a ó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé, lọ́kàn gbogbo wa, omi gbígbóná ni omi ìlúwẹ̀ẹ́, omi tútù sì jẹ́ ti ọ̀daràn.

Ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ wa ni bí a ṣe ń sùn lórí omi. Á fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ẹ̀yìn orí ẹni, á ní kí á dojú kọ ọ̀run, kí á ki etí bọ omi, kí á jọ̀wọ́ gbogbo ara. "Má di nǹkan kan mú. Ẹni tó ń bá omi jà ni omi ń gbé. Ẹni tó bá fara sílẹ̀, omi á pọ̀n ọ́n." Àwọn yòókù mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan. Èmi, ó gba gbogbo àkókò òjò kan. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kúrò lórí mi báyìí, ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń rí, n óò sì ká jọ, n óò mu omi, n óò dìde pẹ̀lú ikọ́. Ọ̀gá kò bínú rí. Á dúró kí n wúkọ́ tán, á tún tẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí mo sùn lórí omi fúnra mi, mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ti yọ ọwọ́. Mo ń wo ewé igi lókè, omi gbígbóná wà létí mi, mo rò pé mo wà lẹ́yìn ìyá mi.

Láìpẹ́, mo lè lúwẹ̀ẹ́ dé òdìkejì. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ti lọ. Mo kàn ti ń yára ju ẹ̀rù lọ díẹ̀ ni.

Ọ̀gá lọ sí Àkúrẹ́, ó sì padà wá pẹ̀lú ìròyìn pé ẹgbẹ́ ìlúwẹ̀ẹ́ kan níbẹ̀ fẹ́ ṣe gálà, ìyẹn ìdíje àwọn ọmọ, wọ́n sì ti pe àwa náà. Wọ́n bi í pé àsìkò wo ló tẹ́ wa lọ́rùn. Ẹ gbọ́ ohun tí bàbá náà mú. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ó bọ́ sí àárín ọyẹ́. Lójú tiwa, kò sí àsìkò tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọyẹ́ ni omi wa ń dùn jù, nínú ọyẹ́ ni ènìyàn kì í fẹ́ jáde nínú rẹ̀. A pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọ tí kò bá tíì dé oko baba ẹlòmíràn ló ń sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Ní ti Ọ̀gá fúnra rẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti kúrò ní etí òkun. Omi Ìkògòsì ti mú kí ara rẹ̀ gbàgbé òtútù.

Bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé wa lọ. A gba Àrámọ̀kọ, a gba Adó, a gba Ìkẹ́rẹ́, eruku ọyẹ́ bo gbogbo ojú ọ̀nà, a sì ń kọrin. Ìyá mi jókòó síwájú. Kò sẹ́ni tó rò pé yóò bá wa lọ. Ó wọ aṣọ léèsì rẹ̀ tó dára jù, ó wé gèlè, ó kó aṣọ ìbora kan sí itan. Ó ní bí òun bá máa gbọ́ ọ lẹ́nu ènìyàn, kí òun kúkú rí i. Èmi kò kọrin kọjá Àrámọ̀kọ. Gbogbo ẹ̀pà tí mo jẹ kí a tó gbéra ni mo bì sí ẹ̀bá ọ̀nà ní Adó, mo sì sọ fún ìyá mi pé ọkọ̀ ló ń yí mi lójú.

Adágún wọn tóbi, ó sì mọ́. Búlúù ló rí, mo ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátá, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù, nítorí pé mo rí bó ti jìn tó. Ohun kan tún ń ṣe mí bákan lójú tí mi ò mọ̀. Nígbà tó yá ni mo mọ̀ ọ́n. Kò sí èéfín lórí omi náà.

Ọmọ kátíkíìsì ló kọ́kọ́ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó yọ ẹsẹ̀ náà, ó wò ó, ó sì yíjú sí wa. "Ó tutù," ló wí. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ omi dé ìgbọ̀nwọ́. Mo ń wo ojú rẹ̀. Mi ò rí ẹ̀rù lójú bàbá náà rí, àfi ọjọ́ yẹn. Ó pe gbogbo wa sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ṣe àṣìṣe. Omi yìí yóò gba èémí yín nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ wọlé. Yóò dá a padà, bí ẹ kò bá bá a jà. Ẹni tí kò bá fẹ́ wọlé, kí ó sọ. Kò sí ìtìjú nínú ẹ̀."

 Èmi ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀fun mi. Mo gbójú sókè, mo rí ìyá mi tó jókòó sí eteetí adágún níbi tí kò jìn, ó kọ̀ láti lọ sórí àga pẹ̀lú àwọn òbí yòókù, ó tẹjú mọ́ ẹnu mi bí ẹni tó ń ka ìwé. Mo ronú kan àbúrò mi àti igi tó ń yọ̀ yẹn. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ọmọ kátíkíìsì ló bẹ̀rẹ̀ fún wa. Wọ́n fun fèrè, gbogbo wọn bẹ́ sínú omi. Àwọn ọmọ Àkúrẹ́ ń lọ bí ẹja. Tiwa yọ orí jáde, ó la ẹnu, kò sí ohùn tó jáde. Ó na ọwọ́, kò dé ibì kankan. Okùn tí wọ́n fi pín omi náà ló rí gbá mú, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Àwọn ọkùnrin méjì ló wọlé lọ já ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára okùn. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ètè rẹ̀ ti yí dúdú, ó ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí Ọ̀gá fi bọ́ ẹ̀wù tirẹ̀ wé e. Ó ń sunkún, ọmọ tó ń pè mí ní báàgì.

Ìyá mi ti dé ẹ̀gbẹ́ mi. "Wọ aṣọ rẹ. Ká máa lọ sí ulé." Bí ọkàn rẹ̀ bá gbóná ni Èkìtì rẹ̀ máa ń jáde báyẹn.

Mo kúnlẹ̀. Rílè ló kàn, àwa mẹ́rin ni a ó wẹ̀ ẹ́, bí ẹnì kan bá ti dé òdìkejì ni ẹlòmíràn yóò bẹ́ sínú omi, èmi sì ni mo kẹ́yìn. Bí mo bá bá a lọ sílé, àwọn mẹ́ta yòókù ti jókòó nìyẹn. Mo sọ ìyẹn fún un. Kì í ṣe ìyẹn ló wà lọ́kàn mi. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n lọ."

"Ṣé ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ẹ̀rù ò bà mí, Màámi."

Ó wò mí pẹ́. Ó mọ̀. Ọmọ rẹ̀ ni mí. Ó yí mi padà, ó di ọ̀já ẹ̀yìn aṣọ mi mú, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì padà lọ jókòó. Títí dòní mi ò mọ ohun tó mú un gbà.

Ibi tó jìn jù ni èmi yóò ti bẹ́ wọlé, ibi tí kò jìn, lọ́dọ̀ ìyá mi, ni n óò parí sí. Mo dúró sí etí rẹ̀, mo ń wo ẹni kẹta wa tó ń bọ̀, mo ń gbàdúrà pé kí ó má dé. Àwọn ọmọ Àkúrẹ́ ti bẹ́, wọ́n ti ń lọ. Ó dé. Ó fi ọwọ́ kan ògiri. Mo fọwọ́ kan ọ̀já mi, mo bẹ́.

Mi ò lè ṣàlàyé òtútù náà. Bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ilẹ̀kùn dé mi láyà ni. Mo yọ orí, mo fẹ́ mí, èémí kò wọlé. Mo la ẹnu, omi ló wọlé. Ọwọ́ mi ń jà, ẹsẹ̀ mi ń jà, gbogbo ohun tí mo kọ́ fò lọ. Mo wá okùn, okùn jìnnà. Mo fẹsẹ̀ wá ilẹ̀, kò sí ilẹ̀. Mo sì mọ̀, ó dá mi lójú gbangba, pé bó ṣe rí fún un nìyí. Bó ṣe ṣe é nìyí nígbà tí koríko ń já lọ́wọ́ rẹ̀.

Bóyá nítorí pé mo rò ó bẹ́ẹ̀ ni, mi ò mọ̀. Mo ṣíwọ́ dídi nǹkan mú. Mo da orí sẹ́yìn, mo ki etí bọ omi, mo jọ̀wọ́ ọrùn, mo jọ̀wọ́ ìdí, mo jọ̀wọ́ ọwọ́. Ariwo ayé dákẹ́. Ọ̀run ọyẹ́ funfun lókè mi bí aṣọ tí wọ́n sá. Mo dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi sì gbé mi. Èémí kan wọlé, ó kéré. Òmíràn tẹ̀lé e. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tẹ omi jẹ́jẹ́, mo ń lọ pẹ̀lú ẹ̀yìn, mi ò mọ ibi tí mo ń lọ, mo kàn mọ̀ pé mo ń lọ.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ létí adágún, àwọn tó wà níbẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ohun tí ìyá mi rí ni ọmọ tó ń jà nínú omi, tó wá dákẹ́ jẹ́ẹ́, tó dojú kọ òkè. Ó ti rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n ní kò pariwo. Ó dìde nínú léèsì rẹ̀, pẹ̀lú gèlè, pẹ̀lú bàtà, ó sì rìn wọnú omi. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí omi dé ìdajì ọpọ́n. Ó rìn títí omi fi dé àyà rẹ̀, níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jìn, ó dúró síbẹ̀, ó na ọwọ́.

Orí mi kan ohun rírọ̀ kan. Kí n tó mọ ohun tó jẹ́, ẹnì kan ti di ọ̀já ẹ̀yìn mi mú, ó fà mí dìde. Mo fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ìyá mi ló dúró síwájú mi, gèlè rẹ̀ ti wó, òun náà kò lè mí, ó la ẹnu bí ọmọ kátíkíìsì. Mo gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀. "Ẹ má jà, Màámi. Ẹ fara sílẹ̀. Èémí yín yóò padà." Ó sì padà.

Adájọ́ fun fèrè, ó ní wọ́n ti fọwọ́ kàn mí, rílè tiwa kò sí nínú ìṣirò. Àwọn yòókù kúkú ti jáde tipẹ́, wọ́n ti ń nu ara. Ìyá mi kò fi ọ̀já náà sílẹ̀ títí a fi jáde nínú omi, títí a fi wọ bọ́ọ̀sì, títí a fi kọjá Ìkẹ́rẹ́. Abẹ́ aṣọ ìbora kan ṣoṣo ni àwa méjèèjì wà. Kò sẹ́ni tó kọrin. Mo mọ ohun tó ń bọ̀. Nǹkan ti fẹ́ ṣe mí. Ó ti parí.

Ní ọjọ́ Ajé, mo dé láti ilé ìwé, mo bá a nídìí ẹ̀rọ. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ mi wà lórí itan rẹ̀, ó sì ń fi abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tú ọ̀já ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, fọ́nrán kan lẹ́yìn òmíràn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò ìwé mi. Omi ti kún ojú mi. Kì í ṣe nítorí ìlúwẹ̀ẹ́. Odò ọ̀nà oko ni mo ń rò, àti ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ àbúrò mi.

Ó tú u tán, ó ju aṣọ náà sí mi. "O ò nílò ọ̀já yìí mọ́. Ìwọ ti mọ̀ ọ́n." Lẹ́yìn náà ló gbóhùn sókè, ó pe àbúrò mi wọlé, ó ní kí ó dúró gbọnrangandan. Ó fi téèpù wọn ìbàdí rẹ̀. Ṣòkòtò péńpé kan ti wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, aláwọ̀ ewé bíi tèmi. Ó mú ọ̀já tó tú lára aṣọ mi, ó gbé e lé ẹ̀yìn ṣòkòtò náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an mọ́ ọn, ojú rírán méjì-méjì. Àbúrò mi ní òun kò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní báàgì.  Èmi ni ìyá mi bá sọ̀rọ̀, láì gbójú sókè.

"Mi ò mọ̀ pé ènìyàn lè dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀ báyẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ọmọ mi tó lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kí ó dùbúlẹ̀."

Ó ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ lọ, ó ń sunkún, ojú rírán rẹ̀ kò sì yà.

Ó ti pẹ́ gan-an. Odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Ọ̀gá ti lọ, bàbá mi ti lọ, wọ́n ti ṣe afárá sìmẹ́ǹtì sórí odò ọ̀nà oko, Èkìtì sì ti kúrò lára Oǹdó. Àbúrò mi ń kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ ní ìlúwẹ̀ẹ́ níbi tó ń gbé. Ní tèmi, bí mo bá dúró sí etí omi títí di òní, ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Mi ò bá a jà mọ́.

Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá mi wà báyìí. Kò lè dá wẹ̀ mọ́. Ní àárọ̀, n óò po omi rẹ̀ sínú ọpọ́n ńlá, n óò gbé e wọ̀ ọ́, n óò fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ẹ̀yìn orí rẹ̀ kí n lè fọ irun rẹ̀. Lójoojúmọ́ ló máa ń bi mí kí ó tó da orí sẹ́yìn pé ṣé omi náà kò tutù. N óò ní kò tutù, Màámi. Á di ọrùn ọwọ́ mi mú díẹ̀. Lẹ́yìn náà, á tú ọwọ́ sílẹ̀.